Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: Bí a ti lè ra ohun èlò búrẹ́dì ní owó pọ́ọ́kú

Púpọ̀ nínú wa ló fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì, yálà fún jíjẹ nílé tàbí fún títà, ṣùgbọ́n owó ohun èlò ń dẹ́rù bà wá. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó yẹ kí á rà, ibi tí a ti lè rà á, àti èyí tí kò yẹ kí á fi owó wa rà rárá.

1. Ààrò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti ra ààrò olówó ńlá. Ìkòkò irin ńlá tí ó ní ìdérí tó. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e ka iná títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ gbé agolo búrẹ́dì lé iyanrìn náà, ẹ dé e, kí ẹ sì kó ẹyin iná sórí ìdérí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń yan kéèkì kí gáàsì tó wọ ilé wa.

2. Agolo búrẹ́dì. Kí a tó ra ti òkè òkun, ẹ lọ bá àwọn tí ń fi páànù ṣe nǹkan ládùúgbò. Ẹ mú agolo kan dání fún ìwọ̀n. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n fi páànù ìkọ́lé tàbí agolo ọ̀dà ṣe, nítorí oúnjẹ ni a ó fi sínú rẹ̀.

3. Ìyẹ̀fun. Ní Èkó, ẹ lọ sí ọjà Òkè-Àrín. Ní Ìbàdàn, ẹ lọ sí Agbẹ́ni. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń ta ọjà lápò-lápò wà. Àpò ìyẹ̀fun kan jẹ́ kílò 50. Bí obìnrin 10 bá dá owó jọ, kílò 5 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó sì bọ́ lọ́wọ́ èrè alátùntà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ wò ó bóyá òwú ẹnu àpò kò tíì tú, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí a kọ sí i.

4. Ìwúkàrà. Níhìn-ín ni a ti jìyà. Nígbà kan a ra èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá kékeré, nítorí owó rẹ̀ kéré. A po ìyẹ̀fun kílò 5, a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, kò wú. Ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà, gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Láti ìgbà náà, a kọ́kọ́ ń dán an wò: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ìlàjì ife, ṣúgà ṣíbí kékeré kan, ìwúkàrà ṣíbí kékeré kan. Bí kò bá hó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ti kú. Ẹ ra èyí tí a dì láti ilé iṣẹ́, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.

5. Oògùn búrẹ́dì. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀lú funfun tí kò ní orúkọ lọ̀ yín pé yóò mú búrẹ́dì wú, ẹ kọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ potassium bromate, tí a fura sí pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. NAFDAC ti fi òfin dè é nínú búrẹ́dì ní Nàìjíríà. Owó pọ́ọ́kú tí yóò pa oníbàárà wa tàbí ọmọ wa lára kì í ṣe èrè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ni ó wà nílé wa tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ láìná owó?
(b) Àwọn wo nínú wa ni yóò jọ ra àpò kan, ta ni yóò sì pa owó mọ́?
(d) Ọ̀nà wo ni a fi lè mọ̀ pé ìwúkàrà ti kú?