Ó Dúró ní Òkèèrè: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Retí Ọmọ Láti Ilẹ̀ Mìíràn

Kíkà: Ẹ́ksódù 2:1–10, Ẹ́sítérì 2:5–7, Hébérù 11:8, 13, 23.

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Àwa tí a ti fi Ifá sílẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ohun tí òwe náà ń sọ. Ọ̀la pamọ́ fún wa gẹ́gẹ́ bí ó ti pamọ́ fún wọn. Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa ro ti àwọn tọkọtaya tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ṣọmọ. Àwòrán ọmọ náà ti wà nínú ilé wọn, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ ilẹ̀ ilé wọn láé.

I. Ìlẹ̀kùn tí a lè tì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rù asán ni èyí. Láti ọdún 1992 ni ilẹ̀ Ṣáínà ti ń jẹ́ kí àjèjì gba ọmọ ibẹ̀ ṣọmọ lábẹ́ òfin, ó sì ju 160,000 ọmọ lọ tí ó ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, iṣẹ́ náà dúró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ti mọ orúkọ àti ojú ọmọ tí a yàn fún wọn. Wọ́n retí rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Ṣáínà kéde pé ó parí, àfi fún àjèjì tí ó bá fẹ́ gba ọmọ ìbátan rẹ̀, tàbí ọmọ tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ ti bí tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ṣe sí àwọn ará Amẹ́ríkà nípa òfin tí a fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2012. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹtiópíà sì ṣe sí gbogbo àjèjì ní ọdún 2018. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa pàápàá: ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dí gbígba ọmọ ṣọmọ láti Nàìjíríà, nítorí ìfòyà àwọn tí ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò.

II. Ìdí tí ọ̀nà náà fi gùn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1993, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní ìlú The Hague ní ilẹ̀ Họ́láǹdì. Àdéhùn náà wí pé kí a kọ́kọ́ wò bóyá ọmọ lè rí ilé ní ilẹ̀ tirẹ̀. Pé ìyá kò lè fọwọ́ sí i kí ó tó bímọ. Pé a kò gbọdọ̀ fi owó ra ìyọ̀ǹda òbí. Àti pé kí a tọ́jú ìwé ìtàn ibi tí ọmọ ti wá. Gbogbo ìwádìí wọ̀nyí ń gba oṣù àti ọdún.

Ní ibi tí a ti sáré jù, ẹ wo èso rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ń wádìí òtítọ́ ní Gúúsù Kòríà jẹ́rìí pé a ti yí ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kó lọ sí òkèèrè padà, a sì kọ àwọn kan sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn nígbà tí òbí wọn wà láàyè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ìdádúró tí ń pa wá lára lè jẹ́ odi tí ń dáàbò bo ọmọ náà àti ìyá tí ó bí i.

III. Ọ̀dọ́mọbìnrin etí odò.

Nígbà tí a gbé Mósè sínú apẹ̀rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ dúró ní òkèèrè láti mọ ohun tí yóò ṣe ọmọ náà. Kò mọ̀ bóyá ọ̀nì ni yóò kọ́kọ́ dé, tàbí ọmọ ogun Fáráò. Kò bẹ́ sínú omi, kò sì sá lọ sílé. Ó ń ṣọ́nà. Nígbà tí wákàtí sì tó, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọmọbìnrin Fáráò pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé ọmọ Hébérù ni, kò sì fi í pamọ́. Ó gbà kí obìnrin Hébérù tọ́ ọ, ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ náà ni Jókébédì wà pẹ̀lú omijé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbàdúrà pé kí Olúwa fún òun ní ọmọ yìí, kí ó má ṣe gbàgbé ìyá tí kò sí nínú àwòrán.

IV. Bí ọmọ náà kò bá dé ńkọ́?

Níhìn-ín ni a gbọdọ̀ ṣọ́ ẹnu wa. Ábúráhámù jáde lọ láì mọ ibi tí ó ń lọ, òǹkọ̀wé sí àwọn Hébérù sì sọ nípa àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n kú láì rí ìlérí gbà. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Kí a má ṣe sọ fún tọkọtaya tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ pé àdúrà wọn kò tó. Òkú kò sí nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ bá wọn jókòó.

V. Iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Kí ẹni tí ń retí tọ ọ̀nà òfin nìkan, kí ó má ṣe fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ gé ọ̀nà kúrú. Kí ó béèrè ìtàn ọmọ náà, kí ó sì pa á mọ́. Kí ó má ṣe ṣèlérí fún ọmọ náà ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì dé, kí ó má ṣe pa orúkọ rẹ̀ rẹ́: Mọ́dékáì tọ́ Ẹ́sítérì dàgbà ní ilẹ̀ àjèjì, síbẹ̀ Ìwé Mímọ́ kò fi orúkọ rẹ̀, Hádásà, pamọ́ fún wa. Bí kò bá sì dé, kí àdúrà fún un má ṣe dópin. Ọmọ náà ṣì wà láàyè níbì kan, ó sì nílò rẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́:
1. Kí ni arábìnrin Mósè lè ṣe, kí sì ni ó kọjá agbára rẹ̀?
2. Ta ni òfin tí ń dá wa dúró ń dáàbò bò?
3. Ta ni nínú ìjọ wa ni ó ń dúró láì mọ òpin, kí sì ni a ti ṣe fún un ní oṣù yìí?