Àròkọ Oníròyìn: Ìrìn-àjò Láti Accra dé Tamale

Bí a bá ní kí o ròyìn ìrìn-àjò kan, má ṣe máa ka orúkọ ìlú bí ọmọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ olùdáńwò ni ó ń fi odindi ojú ewé kan sọ bí wọ́n ti jí, bí wọ́n ti wẹ̀ àti bí wọ́n ti jẹun kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí ni o ń wá lọ? Ohun tí olùyẹ̀wé fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Tètè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn ọ́ ni kí o dúró sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa kan tí ó ń kàwé ní Gánà ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí:

"Ọdún kejì mi ní Yunifásítì Gánà, ní Legon, ni mo tó ráyè lọ sí Tamale. Ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi ti ń ta aṣọ títí di ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá àgbà kó ọmọ mẹ́ta padà sí Ògbómọ̀ṣọ́; ọjà wọn kò bá wọn délé. 'Bá mi wo ibi tí ìsọ̀ mi wà,' ni wọ́n sọ fún mi.

"Ọ̀nà náà lé ní 600 kìlómítà. Láti Accra títí a fi kọjá Kumasi, igbó àti oko kòkó ni mo ń rí, àfi bí ọ̀nà Oǹdó. Táyà bẹ́ ní Kintampo, a pààrọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, igbó tán. Koríko gba ilẹ̀ kan, igi òrí àti igi irú dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. A gun afárá Volta Dúdú ní Buipe àti ti Volta Funfun ní Yapei. Ìgbà náà ni ó yé mi ìdí tí ìyá àgbà fi máa ń sọ pé ilẹ̀ Tamale kò ṣe àwọn ní àjèjì: ọ̀dàn bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

"Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ̀nà lọ́jà nígbà tí bàbá arúgbó kan, ọmọ Dagomba, fi Yorùbá dá mi lóhùn: 'Ọmọ ta ni ọ́?' Mo dárúkọ ìyá àgbà. Wọ́n dákẹ́.
'Ṣé ó ṣì wà láyé?'
'Wọ́n wà, bàbá.'
Wọ́n dìde, wọ́n di ọwọ́ mi mú."

Kíyè sí i pé táyà tí ó bẹ́ kò gbà ju gbólóhùn kan lọ. Ìwọ ì bá ti fi ìpínrọ̀ méjì ròyìn rẹ̀!

Ìdánrawò: Kọ ìpínrọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn méjèèjì dé ibi ìsọ̀ náà. Má ṣe kọ ju ọ̀rọ̀ 80 lọ.