Nọ́ńbà Ìyá Yín Kì Í Ṣe Tiyín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ áàpù ayánilówó tí ẹ ń kó sórí fóònù ń ká mi lára. Áàpù náà á ní kí ẹ jẹ́ kí òun wo gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ "Allow", owó wọlé. Ṣé ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni nọ́ńbà? Ìyá yín wà níbẹ̀, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ wà níbẹ̀, àti pásítọ̀, àti àfáà, àti àna tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Bí ọjọ́ gbèsè bá yẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni àwọn ayánilówó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pé olè ni yín. Wọ́n tún lè fi fọ́tò yín tì í. Ìtìjú yìí ń lé èèyàn kúrò nílé.

Ní 2023, Google fòfin de irú áàpù bẹ́ẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba áàpù látinú líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òfin Google kò dé ibẹ̀.

Ìjọba náà ń kó ìsọfúnni wa tiwọn. Láti December 2020 ni wọ́n ti pàṣẹ pé ká so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ síìmù. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí fóònù ni ajínigbé fi ń dúnàádúrà. Àmọ́ Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ohun tí a ń sọ lórí fóònù. Abala 45 sì ṣí àyè sílẹ̀ nítorí ààbò ìlú. Àyè yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di ojú pópó.

Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa á rẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fẹjọ́ sun NDPC, àjọ tó ń bójú tó ìdáàbòbò dátà.

Lónìí, ẹ ṣí Settings, ẹ gba àṣẹ nọ́ńbà padà lọ́wọ́ àwọn áàpù tí kò nílò rẹ̀. Ẹyin lohùn, èyí tó ti bọ́ sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́, torí náà ẹ pe ìyá yín, kí ẹ sọ fún wọn pé nọ́ńbà wọn ti wà lọ́wọ́ àjèjì, kí wọ́n má ṣe ka OTP, kóòdù àṣírí tó bá wọ fóònù wọn, fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ dárúkọ yín.