Má Febi Pa Ara Rẹ Nítorí Ìrísí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná pé òòyì kọ́ ọ lórí àsẹ́ḿbílì, o sì ṣubú. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń sọ pé o sanra lo ti pa oúnjẹ àárọ̀ tì, tó jẹ́ pé bisikíìtì àti mínírà lo fi ń gbé ọjọ́ ró. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ọjọ́ orí rẹ yìí gan-an ni ara ń to egungun tí wàá fi rìn dọ́jọ́ alẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá nǹkan oṣù lọ, oúnjẹ ló ń dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18 fi nílò èròjà irin mílígíráàmù 15 lójúmọ́, nígbà tí 11 tó fún ọkùnrin. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo máa ń fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àwọn ọmọ bíi tìrẹ wálẹ̀. Ibi tó yẹ kó pọ́n á funfun báláú, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Ìwé kì í wọ irú wọn lórí. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn lásán, àyà wọn á máa lù kìkì.

Mo mọ̀ pé ọjà gbówó lórí. Àmọ́ ilẹ̀ àgbẹ̀ àwọn Gbàgyí ni Kuje tí ẹ ń gbé. Iṣu, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń wọ ọjà ibẹ̀. Jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ìbáà ṣe ìgbákọ méjì. Dípò bisikíìtì, ra áwàrà tí wọ́n fi sóyà ṣe, tí wọ́n ń dín gbóná-gbóná lẹ́bàá títì. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú zogale, ìyẹn ewé mòríńgà tí àwọn Haúsá ń fi kúlíkúlí àti àlùbọ́sà pò. Fi ọsàn tẹ̀lé e, á jẹ́ kí ara gba èròjà irin tó wà níbẹ̀. Má fi tíì tẹ̀lé e, nítorí ńṣe ni yóò dènà rẹ̀.

Ní ti mínírà, ìgò kólà 50cl kan ní ṣúgà bíi gíráàmù 50. Ìlọ́po méjì gíráàmù 25 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó dára kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́ nìyẹn.

Bí ó bá wù ọ́ kí ara rẹ fúyẹ́, eré ni kí o sá, má febi ṣe é. Wákàtí kan lójúmọ́ ni àjọ náà ní kí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 fi máa mira. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, nínú àwọn ọmọbìnrin ọdún 11 sí 17 kárí ayé, 85 nínú 100 ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Fo okùn, ta tẹ́ńtẹ́ń, bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ilé ìwé dípò ọ̀kadà. Àmọ́ má dá rìn. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo ọ̀nà ìdíwọ́ mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà lóṣù keje 2022, kò sì sí obìnrin tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré náà nígbà náà. Ẹsẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ló gbé e ró.

Mo ti bẹ ìyá rẹ kó mú ọ lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ kankan kí èsì tó jáde. Tó bá ti jáde, fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí o sì sọ ohun tí o jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà fún mi.

Èmi ni,
Màmá Ìbàdàn