Ẹ̀KỌ́: AJÁ TÓ Ń ṢỌ́ WA, TA NÍ Ń ṢỌ́ Ọ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹlòmíràn yóò ní, kí ló pa Mùsùlùmí pọ̀ mọ́ ajá? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú àwa tí a ń tajà ní ìlú Jos yìí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló so ajá mọ́ ẹ̀yìn ìsọ̀ nítorí olè. A ń jẹ àǹfààní gbígbó rẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í rántí pé ẹ̀mí kan wà lọ́wọ́ wa.

Àwa tí a ń kọ èyí gan-an jẹ̀bi. A ra ọmọ ajá kan, ó dàgbà lẹ́yìn ìsọ̀ wa, a kò gún un lábẹ́rẹ́ rí. Ní ọjọ́ kan ó já okùn, ó sì bu ọmọ kéú wa kan jẹ ní ojúgun. Wàláà ni a kọ́kọ́ fà yọ. A ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kí a lè fi omi rẹ̀ fún ọmọ mu, nígbà tí ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pariwo pé, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ dà?" Ìyá yìí ló fọ ojú ọgbẹ́ náà, òun náà ló ní kí a máa gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, a sì ń mú un padà lọ títí àwọn abẹ́rẹ́ yòókù fi pé. Ní ọjọ́ kẹrin, ajá náà kú. Dókítà ẹran gbé orí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò: dìgbòlugi ni. Ọmọ náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ojú tì wá nígbà tí a lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pọ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN SỌ

Ìkíní: Ọlọ́hun dárúkọ ajá nínú Alùkùránì. Ajá wà pẹ̀lú àwọn ará inú ihò nínú Súrà Al-Kahf, bẹ́ẹ̀ ni Súrà Al-Má'ídà, ẹsẹ 4, ṣe ẹran tí ajá ọdẹ tí a kọ́ dáadáa bá mú ní ẹ̀tọ́ fún wa.

Ìkejì: Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń sin ajá láìṣe fún ọdẹ, fún oko tàbí fún ẹran ọ̀sìn, láádá rẹ̀ yóò máa dínkù lójoojúmọ́. Ó tún kọ́ wa pé àwọn màláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi ajá ṣe fáàrí, ibùsùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú yàrá. Ní ti ajá tó ń ṣọ́lé, àwọn tó ṣàlàyé ìwé Risala sọ ìtàn ẹni tó kọ ọ́, Ibn Abi Zayd, ará Kairouan, tó kú ní ọdún 996. Ògiri ilé rẹ̀ wó, ẹ̀rù ń bà á, ó sì so ajá mọ́lé. Wọ́n rán an létí pé Imam Malik kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fèsì pé tí Malik bá bá ìgbà tàwọn, kìnnìún ni ìbá so mọ́lé.

Ìkẹta: Ní ọ̀nà Imam Malik tí a ń tọ̀, ara ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin. Abọ́ tó bá ti ẹnu bọ̀ ni a ó fọ̀ lẹ́ẹ̀méje, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti pa á láṣẹ. Nítorí náà, ọmọ kéú tó ń sọ òkò lu ajá kò rí àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn.

Ìkẹrin: Ẹ rántí hádíìsì méjì. Ẹnì kan fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ lómi, Ọlọ́hun sì foríjì í. Obìnrin kan so ológbò mọ́lẹ̀, kò fún un lóúnjẹ, kò tú u sílẹ̀, títí ó fi kú. Iná ni èrè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin fún Iléyá, tí ẹ ń ti ìsọ̀ pa tí ajá wà lórí ẹ̀wọ̀n, ta ni ẹ fi ṣọ́ ọ?

ÀÌSÀN DÌGBÒLUGI

Inú itọ́ ajá ni àìsàn yìí wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì fà á fún èyí tó pọ̀ jù. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń kú, nǹkan bí 40 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó farahàn, ṣùgbọ́n tó bá ti farahàn, ẹni tó ń yè é ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ajá tó ní i ló ń ṣe wèrè kiri. Òmíràn yóò kàn dákẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ yóò jábọ́, itọ́ yóò máa dà. Ẹlòmíràn á rò pé egungun há a lọ́fun, á sì ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ta ajá tí ara rẹ̀ kò dá fún ẹni tí yóò pa á jẹ. Ẹni tó ń kun ún náà lè kó àìsàn.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ AJÁ

1. Kí a gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí a sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Vom kò jìnnà sí wa. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí.

2. Kí omi, oúnjẹ àti ìbòòji má wọ́n ọn, kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ má ṣe kúrú jù.

3. Abo ajá lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì lè bí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ yìí ni a ń kó dà sí àkìtàn, tí wọ́n ń di ajá ìgboro. Dókítà ẹran lè tẹ akọ lọ́dàá, ó sì lè yọ ilé ọmọ abo, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kó mọ ìrora. Risala gbà kí a tẹ àgùntàn lọ́dàá nítorí ẹran rẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́ fún ẹṣin. Ní ti ajá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní gbà á láyè bí ó bá mú ìpalára kúrò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó mọgbà yí ajá rẹ̀ ká.

4. Ẹni tó bá nílò ajá aṣọ́lé, kó má sáré ra tuntun. Ó lè gba èyí tí aládùúgbò tó ń kó lọ fẹ́ fi sílẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí kò ní olówó. Kí dókítà ẹran kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì so ó lọ́tọ̀, jìnnà sí àwọn ọmọdé, títí dókítà yóò fi ní ó tó.

BÍ AJÁ BÁ BU ÈNÌYÀN JẸ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo, ata tàbí irun ajá náà lé e. Ẹ lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ pé. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ ọdún 9 kan là ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀nà yìí ti ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, kí a so ajá náà, kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n kí a má tìtorí rẹ̀ dúró kí a tó lọ sí ọsibítù. A kò ní kí ẹ má ṣe àdúà o. Ẹ máa ṣe é lójú ọ̀nà ọsibítù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-KÉÚ

1. Nítorí nǹkan mẹ́ta wo ni Ànábì fi gbà kí a sin ajá?
2. Kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe bí ajá bá bù wá jẹ?
3. Ajá ilé yín ńkọ́, ọdún wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí a lè jẹ́jọ́ ohun gbogbo tó fi sábẹ́ àkóso wa. Àmín.