Gíláàsì Kan Ṣoṣo Lórí Maikirosíkóòpù Darwin

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì wa, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wo awọ alùbọ́sà nínú maikirosíkóòpù? A ti síláìdì sí ọ̀tún, alùbọ́sà sá lọ sí òsì. Gbogbo wa pariwo. Mo jẹ́wọ́ o: n kò rí nǹkan gidi, àwòrán inú ìwé ni mo dà kọ.

Charles Darwin jẹ́ ọmọ ọdún 22 nígbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi Beagle ní oṣù Kejìlá ọdún 1831. Maikirosíkóòpù tí ó gbé dání, Bancks ní London ló ṣe é. Kò ní ọ̀pá gígùn bíi tiwa. Gíláàsì kan ṣoṣo ló wà lókè, dígí kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ má fojú rénà rẹ̀ o! Gíláàsì kan kì í yí nǹkan padà: ọ̀tún á jẹ́ ọ̀tún, òsì á jẹ́ òsì. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ tú ara ẹ̀dá tí kò tó orí ìṣó, irú èyí ló máa fẹ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, ní etí òkun Chile, Darwin rí ìkarahun kan tí ihò kún ara rẹ̀. Ẹ̀dá tíntìntín kan ló wà nínú àwọn ihò náà. Ìbátan barnacle ni, ìyẹn àwọn tí ń lẹ̀ pinpin mọ́ àpáta àti ìdí ọkọ̀, ṣùgbọ́n eléyìí kò ní ìkarahun tirẹ̀. Ó gbé e wálé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ní 1846, ó rí i pé àfi kí òun wo àwọn barnacle yòókù kí òun tó lè mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kékeré di ti ọdún mẹ́jọ!

Ní 1847 ó ra maikirosíkóòpù ńlá, irú tiwa yìí, lọ́wọ́ Smith àti Beck. Síbẹ̀, ó tún ní kí wọ́n ṣe onígíláàsì kan fún òun, bí òun ṣe fẹ́ ẹ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Lára abo barnacle kan tí wọ́n ń pè ní Ibla, ó rí àwọn nǹkan kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ rò pé afòmọ́ lásán ni wọ́n. Ó tún wò ó: àṣé akọ ni wọ́n, ọkọ tó fi ara ìyàwó ṣe ilé! Ká ní ó dà á kọ bí ó ṣe kọ́kọ́ rò ó ńkọ́?

Mo ti lọ bẹ olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún alùbọ́sà yẹn wò. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì.