Ọgbẹ́ Ọkàn Ọmọdé àti Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba



Ọjọ́ Ìsinmi méjì wà tí àwa ará Èkó kò lè gbàgbé. Èkíní ni ọjọ́ 27 oṣù Jánúárì, ọdún 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Jìnnìjìnnì mú àwọn ènìyàn, wọ́n sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì ṣubú sínú kànáàlì Òkè-Àfà nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Èkejì ni ọjọ́ 15 oṣù Mááṣì, ọdún 2020, ní Abúlé-Adó, níbi tí ìbúgbàmù ti wó Bethlehem Girls' College, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti Ìjọ wa. Sístà Henrietta Alokha, olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde títí ẹ̀mí tirẹ̀ fi bọ́.

A ti gbàdúrà fún àwọn tí ó kú. Àwọn ọmọ tí ó yè ńkọ́?

Ní ti Abúlé-Adó, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àpò ìrànlọ́wọ́ tí a fojú sùn sí bílíọ̀nù 2 náírà sílẹ̀, ó sì fi mílíọ̀nù 250 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n owó a máa tún ilé kọ́. Oorun tí ó ti dá lójú ọmọ, owó nìkan kò lè dá a padà. Ẹ wo ọmọ tí ó ti ṣíwọ́ títọ̀ sórí ẹní láti ọdún mẹ́ta, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá gbá pàà, òmíràn a bú sẹ́kún. Òmíràn a máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lójoojúmọ́, olùkọ́ a sì máa fi pàṣán lù ú nítorí ohun tí kò lè fi ẹnu sọ. Àwọn òbí a wí pé, “Ọmọdé ni, yóò gbàgbé.” Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Ẹ gbàdúrà, ẹ̀yin òbí, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú.

Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Yábàá láti ọdún 1907, ó sì ní ẹ̀ka kan fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Oṣòdì. Àbùkù tiwa ni pé a ti sọ orúkọ Yábàá di èébú. Ẹni tí a bá wí fún pé, “Yábàá ni ó yẹ ọ́,” ìjà ti dé nìyẹn. Nítorí èébú yìí, ìyá tí ń gbé ní Múṣin, tí Oṣòdì kò jìnnà sí, kò jẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ débẹ̀. Òfin àtijọ́ pàápàá, wèrè ni ó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Oṣù Jánúárì ọdún 2023 ni Ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀.

Ọgbẹ́ mìíràn wà tí kì í dún bí bọ́ǹbù. Nínú ilé ni a ti ń dá a sí ọmọ lára, ọwọ́ ẹni tí ọmọ ń kí ní “ẹ káàárọ̀” ni ó sì ti ń wá. Ní ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé àti òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Ẹ̀wọ̀n gbére sì ni òfin Èkó là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lòpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ẹbí a pé jọ sínú yàrá, wọn a ní kí ẹnikẹ́ni má ta epo sí àlà ìdílé. A parí rẹ̀ lóru. Ọmọ a sì máa bá ọ̀daràn náà jẹun nínú ilé kan náà. Ta ni a dáàbò bò?

Àjọ tí a mọ̀ sí DSVA ni ìjọba gbé ọ̀ràn wọ̀nyí lé lọ́wọ́. Ní ọdún 2014 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀, òfin ọdún 2021 sì sọ ọ́ di àjọ tí ó fìdí múlẹ̀. A lè pè é lórí 08000333333 láìsan kọ́bọ̀. Bí ìdílé kò bá lágbára láti gba lọ́yà, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, a máa gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìtọ́jú Mirabel wà nínú ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013. WARIF sì wà ní Sábó, Yábàá, nítòsí wa. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ti ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a fipá bá lòpọ̀.

Kí ẹni tí yóò gbé ọmọ lọ síbẹ̀ má ṣe kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, bí ó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe é tó, nítorí ara ọmọ náà ni ẹ̀rí wà. Kí ó kó aṣọ tí ọmọ wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe àpò ọ̀rá. Kí ó sì débẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, nítorí lẹ́yìn ìgbà náà, oògùn tí a fi ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́.